Òjé tí a fi ọwọ́ ara wa pín

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò rọrùn fún wa láti sọ, torí pé ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni à ń ṣe. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, òun náà la sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní PCT, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní físíìsì àti kẹ́mísìrì. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a fẹ́ fi bí irin ṣe ń yọ́ han àwọn ọmọ. Èyí tó tètè ń yọ́ ni plomb, tí àwa Yorùbá ń pè ní òjé: bí iná bá ti tó 327°C, ó ti di omi. Ọmọ kan gbé bátìrì mọ́tò tó ti kú wá láti ilé. A fọ́ ọ lẹ́yìn kíláàsì, a da omi rẹ̀ sílẹ̀, a yọ́ òjé náà nínú agolo mílíìkì lórí èédú. A dà á sínú iyanrìn, ó dì bí owó. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èyí tó dán jù la fi ta ọmọ tó gbé bátìrì wá lọ́rẹ. Ó ní òun á fún àbúrò òun kó máa fi ṣeré.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó ka nǹkan nípa Jerome Nriagu. Ọmọ Nàìjíríà ni, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Toronto ní Kánádà, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń tọpa rẹ̀ kiri ni ọ̀nà tí òjé àti àwọn irin olóró mìíràn ń gbà wọ inú afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀. Ní 1983, ó kọ ìwé lórí òjé láyé àtijọ́. Ó ní omi èso àjàrà tí àwọn ará Róòmù ń sè nínú ìkòkò òjé kí ọtí wọn lè dùn, òun ló ń ṣe àwọn ọlọ́lá wọn ní jàǹbá. Ní 1988, òun àti Jozef Pacyna ṣe ìṣirò iye irin olóró tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sílẹ̀ káàkiri ayé. Ní 1992, ó yíjú sí Áfíríkà, níbi tí òjé ṣì pọ̀ nínú epo mọ́tò.

1992! A ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà náà. Epo kpayo láti Nàìjíríà ni ìyá wa ń tà lẹ́bàá títì. Àwa la máa ń fi ẹnu fa rọ́bà kí epo lè wọ inú ìgò. Bó bá bọ́ sí wa lẹ́nu, a ó tutọ́, a ó rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹfà 2001 ni wọ́n fẹnu kò ní Dakar pé kí òjé kúrò nínú epo ilẹ̀ wa. Nígbà tí 2006 fi wọlé, ó ti kúrò. Algeria ló ṣe ìkẹyìn láyé, ní 2021.

Ara ènìyàn kò mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le. Ó ń kó o pamọ́ sínú egungun, òjé náà sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọmọ tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lè má ṣàìsàn tí ojú rí. Ẹ̀kọ́ ni kò ní í wọ orí rẹ̀ mọ́. Àwa olùkọ́ a ó wá máa pè é ní olódo.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ka èyí, oorun ò kùn wá. Ilẹ̀ mọ́, a gba ilé ọmọ náà lọ. Òjé ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti fi eyín tẹ̀ ẹ́ létí. A bẹ ìyá wọn, a gbà á padà. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́ tó gbé sẹ́sẹ̀.

Tìróò! Òjé náà ni. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n mú ti Nàìjíríà lọ ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé.

A sọ fún ìyá náà. Ó wò wá, ó ní: "Ọ̀gá, ìyá mi lé e fún èmi náà, ojú mi ò sì fọ́." A ò lè bá a wí. Àwa tí a kàwé, kí la gbé wọ ilé rẹ̀?

Àwọn àgbà ní òjé tí a bá fi bọ olóòṣà lọ́wọ́, ẹnìkan kì í bọ́ ọ. Iyì ni wọ́n fi ń sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọ egungun ọmọ, òun náà kì í bọ́ bọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ bátìrì nínú ọgbà ilé. Ẹ̀yin tó ń yọ́ òjé fún àwọ̀n ẹja, ẹ lé ọmọdé jìnnà. Ẹ má fi ẹnu fa epo, kódà bí kò bá ní òjé nínú mọ́. Kí ọmọ máa fọwọ́ kó tó jẹun. Ní kíláàsì wa, àbẹ́là là ń yọ́ báyìí, ibi tí a da omi bátìrì sí, a ò jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbẹ̀ mọ́.

Ta ló ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́ nílé yín? Ẹ bá wa ka èyí sí i létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.