Ọjọ́ Tí Mo Dé Oko Àjàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ìdàkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oko baba ẹlòmíràn ni mo dé kí n tó mọ iyì iṣẹ́ baba tèmi.

Ní ọdún 2012, ètò Fulbright gbé mi lọ sí Amẹ́ríkà láti ṣe olùrànlọ́wọ́ níbi kíkọ́ èdè Yorùbá ní Yunifásítì Wisconsin, ní ìlú Madison. N kò tíì lò ju oṣù kan lọ tí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun fi ní kí a jọ jáde ní Sátidé kan. Àwa mẹ́ta ni a lọ: ará Kẹ́ńyà kan tí ń kọ́ni ní Sùwàhílì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan tí ó ní ọkọ̀, àti èmi. Oko àjàrà Wollersheim, ní ẹ̀bá ìlú Prairie du Sac, ni a forí lé.

Kí n má parọ́, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà, 'àjàrà', ti ń rú mi lójú. Àjàrà tí a mọ̀ nínú igbó wa, ewéko tí ń lọ́ mọ́ igi ni. Orúkọ yìí ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi pe igi eléso ilẹ̀ òkèèrè. Láti kékeré ni mo ti ń kà á. Mo tilẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tí ó rí i rí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kàn án. Wọ́n gbìn ín ní poro sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí odò Wisconsin, wọ́n fi wáyà gbé e dúró, èso rẹ̀ sì so jìngbìnnì.

Obìnrin tí ó mú wa yíká sọ ìtàn oko náà bí ẹni ń ki oríkì. Agoston Haraszthy, ará Họ́ńgárì, ni ó kọ́kọ́ gbin àjàrà síbẹ̀ láàárín ọdún 1840 sí 1849, kí ó tó kọjá lọ sí California. Peter Kehl, ará Jámánì, ni ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ Kehl kú ní 1899, iṣẹ́ ọtí dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ náà di oko lásán títí di 1972, nígbà tí tọkọtaya Wollersheim rà á tí wọ́n sì tún àjàrà gbìn. Mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin!

Nígbà tí wọ́n bu ọtí fún wa, obìnrin náà ṣàlàyé bí ìwúkàrà ṣe ń sọ adùn inú èso di ọtí, tí yóò sì lo oṣù púpọ̀ nínú àgbá. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Ti ẹmu kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a gbé sọ̀ láàárọ̀ ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yíjú sí mi. Ó ti ka ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní 1952, nínú èyí tí adẹ́mu jábọ́ lórí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Ó ní: "Olùkọ́, ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ náà léwu tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu mi wúwo. Adẹ́mu ni baba mi. Nígbà tí mo ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, 'àgbẹ̀' ni mo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ baba. Ní 1991, baba mi jábọ́ lórí ọ̀pẹ, itan rẹ̀ kán. Ó gbé igbà kọ́, ó sì búra pé ọmọ òun kankan kò ní gun ọ̀pẹ. Mo sunkún fún ìrora rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo tún yọ̀ pé kò ní gbé akèrègbè gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa kọjá mọ́. Ìyẹn ni n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo sọ fún wọn. Ará Kẹ́ńyà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará ìyá òun ní etí òkun ń dá ẹmu tiwọn lára igi àgbọn, kò sì sí ẹni tí ó ń fi í pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ìwé jáde: kí ni a ń pe okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Mo dá a lóhùn. Kí ni a ń pe irin tí a fi ń dá ihò sí i lára? Èmi olùkọ́ èdè, n kò mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe baba mi lórí fóònù, mo sì béèrè. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹmu ti tán ní Amẹ́ríkà ni?" Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ títí owó orí fóònù mi fi tán. Nígbà tí mo padà dé ní 2013, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ó papò dà ní 2018. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi olùkọ́, òun ni mo fi ń kọ́ni nígbàkúùgbà tí a bá dé orí iṣẹ́ abínibí. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ òbí rẹ̀, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà wá láti ilé. Àwọn kan a tètè kọ 'àgbẹ̀', wọn a sì dorí kodò. N kì í bá wọn wí. Mo kàn máa ń fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, kí n sì rọra béèrè pé: "Irú oko wo?"