Ìtọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀ ní Ọ̀nà Èrúwà

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ti Ìbàdàn dé Èrúwà, àwọn òkè olókùúta ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ má dúró wò wọ́n. Etí odò ni kí ẹ bá mi lọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án.

Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ìbàràpá, aràn kan máa ń jáde lára ìgbín wẹ́wẹ́, a gba awọ ara wọlé, a sì lọ ṣe ibùgbé nítòsí àpò ìtọ̀. Bó bá yá, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni a ń pè é, bẹ́ẹ̀ ajá kò mọwọ́ mẹsẹ̀!

Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dín tara kù. Ní Èrúwà yìí ni olóògbé Dókítà Awójọbí ti fi àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ti tó lára.

Àwọn ará Íńdíà ní Ayurveda, àwa ní àgbo. Ṣùgbọ́n praziquantel ni oògùn aràn yìí. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀ ọmọ fún àyẹ̀wò, nítorí ìgbà náà ni ẹyin aràn ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, bí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí ibà sì wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn, tí oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ rí, ẹ tètè dé ọsibítù: àtọ̀sí ajá tó pẹ́ lára lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ọmọ tó lo oògùn lónìí, tó padà sódò lọ́la, lè tún kó o.