Ta Ló Ń Yọ Àmì Ohùn Wa?

Ọ̀rẹ̀ la ti ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi tó kọjá, nínú yàrá kan tó kọjú sí ọ̀nà Benin, tí ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ojú-ìwé ayélujára kékeré kan la ń fi React kọ́ fún àwọn ọlọ́dún kìíní. Á gbé ọ̀rọ̀ kan jáde láìsí àmì ohùn, ká sọ pé ogun, akẹ́kọ̀ọ́ á wo ìtumọ̀, á sì fi àmì sí i: ṣé ogún tí bàbá fi sílẹ̀ ni, àbí Ògún onírin? Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń gbé ní Odígbó ló tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n tí a bá ṣe ìdánwò tán, tí a padà sínú àkójọ ọ̀rọ̀, àmì ti lọ. A pè é. "Ìwọ tó ń kọ́ Yorùbá, o ò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fi sí i. Ó wà lórí fóònù mi báyìí." A ò gbà á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá wa lóhùn.

Kì í ṣe tìtorí ìyẹn la ṣe yẹ kóòdù wa wò. Fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa kò lágbára, ojú-ìwé náà sì ń fà. A gbọ́ pé React Compiler, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá 2025, máa ń rántí iṣẹ́ tó ti ṣe, kó má bàa tún un ṣe nígbà tí nǹkan kan ò yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ la fi ń ṣe é: useMemo níbí, useCallback lọ́hùn-ún. Àmọ́ ó lófin. Component kan kò gbọ́dọ̀ yí ohun tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ padà. Èyí tó bá rú òfin, compiler á kàn fò ó ni, kò ní pariwo.

A tẹ npx react-compiler-healthcheck. Ó ní 13 nínú 14 ló yege. Ẹnìkan nínú wa tiẹ̀ ní ká fi ẹyọ kan yòókù sílẹ̀, ká lọ jẹun. A dúró, a ní kí eslint-plugin-react-hooks fi ìlà náà hàn wá:

oro.kiko = yoAmi(oro.kiko);

Àṣé ara ọ̀rọ̀ gan-an tó wà nínú àkójọ ni ìdánwò ti ń yọ àmì, kì í ṣe ara ẹ̀dà rẹ̀. Tí a bá ti fi ogún dánwò lẹ́ẹ̀kan, ó di ogun títí a ó fi tún ojú-ìwé náà ṣí. (Ní Ọ̀rẹ̀, tí wọ́n ti jagun ní 1967, ẹni tó bá pe ogún ní ogun yóò ṣàlàyé.) Fóònù ẹni tí kò tíì ṣe ìdánwò, àmì rẹ̀ pé pérépéré. Àwa mẹ́ta la sì jọ kọ ìlà yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju èyí lọ:

const lasan = yoAmi(oro.kiko);

A tún un yẹ̀ wò: 14 nínú 14. Ká sọ tòótọ́, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyára kankan tó fi kún un. Ojú-ìwé tiwa ti kéré jù.

Lọ́jọ́ kejì a gun ọ̀kadà lọ sí Odígbó, a ra búrẹ́dì dání. Ó wo fóònù tí a nà sí i, ó ní, "Ẹ ka ìlà yẹn sí mi létí." A kà á. Ó ní ká tún un kà.