Ẹlẹ́yẹlé Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìdìbò

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn, ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 2023. Mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn títí ìdìbò yóò fi parí, nítorí náà títì tí Micra àti ọ̀kadà máa ń dí pa dá páropáro. Àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ọ̀dà.

Etí adágún nìkan lọjà wà. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ lálẹ́ àná gbọ́dọ̀ gòkè láàárọ̀, ìdìbò ìbáà wà, kò báà má sì sí. Àwọn apẹja ń tukọ̀ bọ̀ láàárín òjúoró, epìyà àti àrọ̀ sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú abọ́. Owó náírà tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ò sì ṣeé ná.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n ṣe tiráńsífà."

"Ọmọ mi, tàná ò tíì wọlé." Ìyá ẹlẹ́ja fọwọ́ bo ọjà rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá wé káàdì ìdìbò rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró.

Lókè lọ́hùn-ún, àwọn àgùnbánirọ̀ ń lẹ orúkọ olùdìbò mọ́ ògiri. Bí mo bá ti rí kákí wọn nídìí àpótí ìbò, àwọn Koma ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àwọn ará òkè Alantika, ní ààlà àwa àti Cameroon, ní ìpínlẹ̀ Adamawa. Àgùnbánirọ̀ kan ló jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà gbọ́ nípa wọn lọ́dún 1986. Nígbà náà, orí òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, wọ́n ń gbin ọkà bàbà, wọ́n ń ṣọdẹ, ewé sì ni àwọn obìnrin wọn ń so mọ́dìí. Ará ìlú ńlá ya ẹnu sí àwòrán wọn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n dáyé.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ìbò ti sọ wọ́n di ọmọ Nàìjíríà tipẹ́. Lóṣù Kejì ọdún 1961, lábẹ́ àmójútó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ènìyàn 146,296 ní Àríwá Cameroons dìbò pé Nàìjíríà làwọn fẹ́, 97,659 ní Cameroon ni. Ilẹ̀ àwọn Koma bá Àríwá Cameroons wá sí Nàìjíríà. Ọdún 25 lẹ́yìn náà la tó ń bèèrè ta ni wọ́n.

Ẹ̀tọ́ wọn ni láti dìbò bíi ti ará Ẹlẹ́yẹlé. Ṣùgbọ́n bí àpótí ìbò bá ṣáájú olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì gòkè, kí ni ará orí òkè ń dìbò lé lórí? Ta ló fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé fún un? Olùdíje wo ló dúró níwájú rẹ̀ kó lè bi í léèrè?

Ìlà ti ń gùn. Bàbá kan nawọ́ sí adágún. "Ọdún 1942 ni wọ́n ti sé odò yìí kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ta ni nínú àwọn olùdíje ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ omi ilé mi yọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìpolongo ti parí láti Ọjọ́bọ̀," ni aṣojú ẹgbẹ́ kan wí.

"Mo mọ̀. Kó tó parí ni mo ti bi wọ́n, lójú gbogbo àdúgbò. Mo mọ ohun tí oníkálukú wọn sọ."