Ehoro Kì í Yé Ẹyin

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yẹ fún àyẹ̀wò. Jẹ́lé-ó-sinmi ni a pè é. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ń ro ti ìyá ọmọ ju ti ọmọ lọ: kí ariwo dínkù, kí ilé fara rọ, kí ìyá lè ráyè lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Friedrich Froebel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ó dá irú ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní 1837, fi ojú mìíràn wò ó. Ní 1840, ó sọ ọ́ ní "ọgbà àwọn ọmọdé". Lójú tirẹ̀, ọmọ dà bí irúgbìn tí a ń tọ́jú, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára ohun pàtàkì tí ó fi ń tọ́jú rẹ̀. Kíká bébà, híhun bébà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹní, àti fífi amọ̀ mọ nǹkan, gbogbo rẹ̀ ni ó là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Ohun tí ó mú mi rántí ọkùnrin yìí ni ohun tí mo máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa bí Ọdún Àjíǹde bá ti ń kanlẹ̀kùn. Ìwé yóò ti ilé-ìwé wá sọ́dọ̀ òbí: ẹ ra páálí aláwọ̀ mèremère, ẹ ra òwú, ẹ ra gọ́ọ̀mù, ẹ ṣe ehoro àti apẹ̀rẹ̀ ẹyin fún ọmọ yín. Ìyá tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ yóò jókòó ti àtùpà, yóò máa gé páálí, yóò máa lẹ òwú mọ́ ọn títí di ọ̀gànjọ́. Ọmọ tí ó ni iṣẹ́ ti sùn tipẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ yóò gbé ehoro lọ, olùkọ́ yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ni ó wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀?

Ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbé irú ehoro bẹ́ẹ̀ wá hàn mí ní ọdún kan. Ehoro náà fún funfun báláú, ó sì jókòó lé ẹyin mẹ́ta lórí. Ọmọ wò ó títí, ó ní:

"Bàbá àgbà, ṣé ehoro máa ń yé ẹyin ni?"

Mo ní, "Rárá o, ìyá mi. Ehoro kì í yé ẹyin, ọmọ ni í bí."

Ó ní, "Kí ló wá dé tó fi jókòó lé e?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè ọmọ yìí mọ́gbọ́n wá. Ó sì ní ìdáhùn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, òfin ìjọ kò gbà kí ènìyàn jẹ ẹyin ní àkókò ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n adìẹ kò mọ ààwẹ̀, ó ń yé ẹyin rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí ọdún yóò bá fi dé, ẹyin ti pọ̀ nílé, wọn a sì kùn ún, wọn a fi ta ara wọn lọ́rẹ. Ní 1290, ààfin Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ẹyin 450 tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún náà. Ti ehoro dé lẹ́yìn èyí. Ní 1682, oníṣègùn ará Jámánì kan, Georg Franck von Franckenau, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ máa ń sọ fún ọmọdé pé ehoro ni ó ń gbé ẹyin ọdún wá pamọ́ sínú koríko. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣí lọ sí Pennsylvania ni ó gbé àṣà náà dé Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú ìwé àwòrán àti ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì fi dé ọ̀dọ̀ wa.

N kò bá ehoro jà. Ní ibi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, tí ehoro ń sáré kiri pápá, ọmọ ibẹ̀ mọ ìdí tí a fi ń ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ọmọ tiwa náà ní ohun tí ó ń rí. Ọdún Àjíǹde kì í ṣáájú 22 oṣù Kẹta, kì í sì í kọjá 25 oṣù Kẹrin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àkókò tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ nìyẹn, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo. Ǹjẹ́ a tún ń wá àpẹẹrẹ àjíǹde lọ sí ibòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì tí a ti lu ihò sí nídìí, tí a sì ti tẹ etí rẹ̀ kí ó má baà ya ọmọ lọ́wọ́. Kí ọmọ bu ilẹ̀ sí i, kí ó ri àgbàdo mẹ́ta bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí ó sì máa wọ́n omi sí i. Kí ọdún tó dé, èyí tí a sin ti yọrí. Jésù pàápàá fi hóró irúgbìn ṣe àpèjúwe ikú òun, ó wà nínú Ìwé Ìhìnrere Jòhánù, orí 12. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó wà ní kíláàsì kan náà lè gbin tirẹ̀ láìsí pé bàbá rẹ̀ bínú, nítorí àgbàdo kò ní ẹ̀sìn.

Imọ̀ ọ̀pẹ tún ń bẹ. Gbogbo ọmọ tí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ó ń mú un dání wálé. Kí ọmọ já ewé méjì lára rẹ̀, kí ó fi ọ̀kan dábùú èkejì, kí ó fi ewé tẹ́ẹ́rẹ́ wé oríta wọn, kí ó sì ta á ní kókó. Àgbélébùú dé nìyẹn, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyin ni ọkàn wa fẹ́, ẹyin kò ṣàjèjì sí wa. Kí olùkọ́ se é títí tí yóò fi le, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ọmọ fi àbẹ́là funfun ya ohun tí ó wù ú sí i lára, kí ó sì rì í sínú omi tútù tí a ti fi èèpo àlùbọ́sà sè tẹ́lẹ̀. Ibi tí àbẹ́là kàn kò ní gba àwọ̀, ibi yòókù yóò pupa rúsúrúsú. Àwọn ará Ukraine ń fi ìda oyin ṣe irú ọnà yìí sára ẹyin. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìẹ ṣe é sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, òun ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọgbọ́n kan náà ni. Ọmọ tí ó bá fi ẹyin mọ̀ ọ́n ti fi ẹsẹ̀ kan wọ agbo aláró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ tèmi gan-an. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàdé tí wọ́n lè tú gbólóhùn palẹ̀ dé góńgó, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin kí a wé nǹkan àti kí a lọ́ ọ, láàrin kí a dì í àti kí a hun ún. Kì í ṣe pé wọ́n ya òmùgọ̀. Ọwọ́ wọn kò ṣe é rí, ẹnu wọn kò sì rí i pè. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ti sọ ọ́ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n èdè kì í wọ ọmọ ọdún mẹ́rin lára nípa kí a kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ẹnu olùkọ́ tí ó ń wí pé "wé e, tún un wé, ta á ní kókó" nígbà tí ewé ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni ó ń gbà wọlé.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Iṣẹ́ tí ọwọ́ kékeré lè ṣe ń bẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ó lè dára lójú àlejò. Àgbélébùú tí ó wọ́, tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, sàn ju ehoro tí ó gún régé tí ìyá rẹ̀ fi òru ṣe lọ. Kí ilé sinmi, ó dára. Ọwọ́ ọmọ ni kò gbọdọ̀ sinmi.