Ohun Tí A Bá Dì Ṣeé Tú



Nígbà mìíràn, ímeèlì Yorùbá a máa dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú irú nǹkan bí 4bq5. Ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́; dídì ni wọ́n dì í. Àmì 128 ti ASCII nìkan ni ọ̀nà ímeèlì àtijọ́ lè gbé. Nítorí èyí ni ìlànà MIME, tó jáde ní 1992, ṣe lo base64: yóò kó báìtì 3 jọ, yóò pín wọn sí ọ̀nà 4, yóò sì fi ọ̀kan nínú àmì 64 dípò ìpín kọ̀ọ̀kan. Báìtì 3 ni "ẹ" nínú UTF-8. Bí ó ṣe di 4bq5 nìyẹn.

Ó jọ àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà kò jọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun.

Àwọn tó ń dùn mí ni àwọn tó tìtorí ìbẹ̀rù irú èyí yọ gbogbo àmì kúrò lórí èdè wa. Kọ̀ǹpútà lè tú 4bq5 padà sí "ẹ" láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ "oko" sí mi, ta ni yóò bá mi tú u: oko ni, ọkọ ni, ọkọ́ ni, àbí ọ̀kọ̀?

Ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i.