Mọ́nítọ̀ ńlá, owó kékeré

Ẹ̀yin ará Adó-Àwáyè tó ń wá mọ́nítọ̀ ńlá, ẹ má jẹ́ kí títóbi nìkan wọ̀ yín lójú. Tòkunbọ̀ íńṣì 24 tó jẹ́ 1920 × 1080 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Bí íńṣì 27 bá jẹ́ 1920 × 1080 náà, iye tóótòòtó (píksẹ́lì) kan náà ló tẹ́ sórí àyè tó fẹ̀ sí i. Lẹ́tà á máa rí gánnagànna. Bí ẹ bá lọ rà á ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ojú rẹ̀ funfun báláú, kó tún dúdú kirikiri. Ibi tó ti kú á yọ síta. Èèyàn ò lè ti Adó-Àwáyè gbé e padà wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní HDMI, kí ẹ sì ka wáàtì tó ń jẹ, bó bá jẹ́ sólà lẹ ń lò.